Mo Fọwọ́ sí Ìwé, Mo sì Sá Lọ

Mo fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ọdún mẹ́ta pẹ̀lú ẹgbẹ́ rọ́gbì League kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ọjọ́ ìwé náà tó dé ìdajì, mo kọ lẹ́tà sí wọn pé mo ti fẹ̀yìn tì nínú eré náà. Irọ́ ni. Kò pẹ́ lẹ́yìn lẹ́tà yẹn tí mo wọ aṣọ ẹgbẹ́ rọ́gbì Union kan ní gúúsù, tí mo ń rẹ́rìn-ín fún àwọn oníròyìn, nítorí pé owó tí wọ́n fẹ́ san ju èyí tí mo ń gbà lọ. N ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ méjèèjì, torí pé n ò wá fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé, èmi náà ni mo sá.

Ó ti pẹ́ tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí mì. Àwọn ọ̀dọ́ tí mo ń kọ́ ní rọ́gbì lọ́jọ́ Sátidé ló jẹ́ kí n pọ̀ ọ́ síta báyìí. Ọmọ Yorùbá wà nínú wọn, ọmọ Ìgbò wà, ọmọ Jàmáíkà náà wà. Bí aṣojú agbábọ́ọ̀lù bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọ̀kan lára wọn lórí fóònù, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé òótọ́ ni pé èèyàn lè fi àdéhùn sílẹ̀ kó máa lọ, kí nǹkan kan má ṣe é?" Wọ́n á wá dárúkọ Sonny Bill Williams, agbábọ́ọ̀lù tó fi League sílẹ̀ lọ sí Union. Èmi náà dárúkọ ọkùnrin yẹn nígbà tèmi. Mo fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi, kí n sì sọ apá tí n ò kà nínú ìtàn rẹ̀.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ là á yé ẹni tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá nìkan ló mọ̀. Oríṣi rọ́gbì méjì ló wà, ìjà owó ló sì pín wọn. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹjọ, ọdún 1895, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ tó wà ní Yorkshire àti Lancashire pàdé ní George Hotel ní ìlú Huddersfield, wọ́n sì ya kúrò lábẹ́ àjọ tó ń darí rọ́gbì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Awakùsà àti òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ni ọ̀pọ̀ nínú agbábọ́ọ̀lù wọn. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé láyé ìgbà náà. Ẹni tó bá lọ gbá bọ́ọ̀lù ti pàdánù owó iṣẹ́ ọjọ́ yẹn. Àwọn ẹgbẹ́ àríwá fẹ́ máa dí owó náà fún wọn, àmọ́ àwọn ọ̀gá àjọ kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní eré ni rọ́gbì, a kì í gbowó iṣẹ́ lórí eré. Ibẹ̀ ni League ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, òfin eré méjèèjì jìnnà síra. Èèyàn 13 ló ń wọ pápá fún ẹgbẹ́ kan nínú League, 15 nínú Union. Nínú League, bí wọ́n bá ti gbé yín ṣubú lẹ́ẹ̀mẹfà, bọ́ọ̀lù ti di ti ẹgbẹ́ kejì. Union kò ní irú òǹkà bẹ́ẹ̀. Bí èèyàn bá ṣubú, ibi tó ṣubú sí gan-an ni ìjà lórí bọ́ọ̀lù ti ń bẹ̀rẹ̀. Fún odindi ọgọ́rùn-ún ọdún, agbábọ́ọ̀lù Union tó bá gba owó League ti lọ nìyẹn, wọn ò ní gbà á padà mọ́ láyé. Oṣù Kẹjọ ọdún 1995 ni Union tó gbà pé kí wọ́n máa sanwó fún agbábọ́ọ̀lù ní gbangba. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ kọjá láti ìhà kan sí ìkejì lè kọjá. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó lè dá a dúró ni ìwé tó fọwọ́ sí.

Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ Ìbàdàn ni bàbá àti ìyá mi. Orúkọ agbábọ́ọ̀lù méjì ló gbilẹ̀ nílé wa. Adedayo Adebayo ni ọ̀kan, tí wọ́n bí ní Ìbàdàn, tó gbá wíńgì fún Bath àti fún England. Èkejì ni Martin Offiah, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà. Lọ́dún 1987 ló fi Rosslyn Park sílẹ̀ nínú Union lọ sí Widnes nínú League. Nígbà tí Wigan rà á lọ́wọ́ Widnes lọ́dún 1992, £440,000 ni wọ́n san, owó tí ẹgbẹ́ League kankan ò tíì san rí lórí ẹnì kan títí di ìgbà náà. Ère rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n gbé kalẹ̀ sí iwájú pápá Wembley. Mo mọ iye try, ìyẹn iye ìgbà tí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù kanlẹ̀ lẹ́yìn ìlà alátakò, tí àwọn méjèèjì gbà. Ohun tí n ò fiyè sí ni pé nígbà tí Offiah ń lọ láti Widnes sí Wigan, ẹgbẹ́ méjèèjì jókòó, wọ́n sọ̀rọ̀ owó, owó náà sì dé ọwọ́ ẹni tó ni ín.

Wíńgì ni èmi náà, ẹsẹ̀ mi sì yá bí ẹsẹ̀ ti í yá. Ẹgbẹ́ League tí mò ń wí yìí rí mi nígbà tí mo ṣì kéré, wọ́n mú mi lọ sí àríwá, wọ́n sì fi mí sílé ìdílé kan tó ń tọ́jú mi bí ọmọ. Nígbà tí èjìká mi yẹ̀ lórí pápá, wọ́n ṣètò iṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n sì ń san owó oṣù mi títí mo fi padà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé ìwé ọdún mẹ́ta wá. Bàbá mi wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti Lọ́ńdọ̀nù, ó sì jókòó tì mí nígbà tí mo ń fọwọ́ sí i. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó bọ gbogbo èèyàn tó wà nínú ọ́fíìsì náà lọ́wọ́, títí kan ẹni tó gbé tíì wá.

Ní ìgbà tí ẹgbẹ́ Union bẹ̀rẹ̀ sí í wá mi, Sonny Bill Williams ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2011 pẹ̀lú New Zealand ni. Gbogbo ọmọ League ló mọ ìtàn rẹ̀. Ọmọ Auckland ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá League fún Bulldogs ní Sydney lọ́dún 2004. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n gba ife. Lọ́dún 2007, ó fọwọ́ sí àdéhùn tuntun ọlọ́dún márùn-ún. Nígbà tó di oṣù Keje ọdún 2008, tí sáà ṣì ń lọ lọ́wọ́, ó wọ ọkọ̀ òfuurufú láìdágbére fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó di Toulon ní ilẹ̀ Faransé, ó lọ gbá Union. Lójú tèmi, ọkùnrin kan fi ìwé sílẹ̀ ó sì di akọni àgbáyé. Mo ní bí ti Sonny Bill bá yọrí sí rere, tèmi náà á yọrí sí rere.

Apá tí n ò kà nìyí. Bulldogs gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ ní New South Wales, ilé ẹjọ́ sì pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ mìíràn. Nígbẹ̀yìn, 750,000 dọ́là Ọsirélíà ni wọ́n san fún Bulldogs kí ọ̀rọ̀ náà tó parí. Ọdún 2013 ló tó tún gbá League ní Ọsirélíà. Toulon tó lọ kì í ṣe ẹgbẹ́ kékeré. Mourad Boudjellal, tó di ọlọ́rọ̀ nídìí títẹ ìwé ìtàn aláwòrán jáde, ló ni ín nígbà náà. Ọdún méjì gbáko ló sì fi kọ́ Union ní Toulon kí New Zealand tó pè é. Owó wà lẹ́yìn rẹ̀, àkókò wà fún un, ẹ̀bùn rẹ̀ sì ju tèmi lọ fíìfíì. Orí pẹpẹ tó dé ni mo ń wò, n ò wo ohun tí wọ́n san kó tó dé ibẹ̀.

Aṣojú mi sọ fún mi pé kò sí ilé ẹjọ́ tó lè fipá mú èèyàn gbá bọ́ọ̀lù. Ìdajì òótọ́ ni. Ó ní kí n kọ̀wé pé mo ti fẹ̀yìn tì nínú League, pé ẹni tó bá ti fẹ̀yìn tì kò sí lábẹ́ àdéhùn mọ́, àti pé eré mìíràn pátápátá ni Union. Mo lè di gbogbo ẹ̀bi náà lé e lórí, àwọn kan sì ti gbà mí nímọ̀ràn pé kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ló sọ fún mi. Mo mọ̀ pé ara mi dá ṣáṣá. Mo mọ̀ pé n ò fẹ̀yìn tì. Mo jókòó, mo fi ọwọ́ ara mi tẹ lẹ́tà náà, mo ní èjìká mi ò gbà mọ́. Èjìká tí wọ́n fi owó wọn tún ṣe fún mi ni mo fi purọ́ fún wọn.

Lẹ́yìn tí lẹ́tà ti lọ ni mo tó pe bàbá mi. Iṣẹ́ télọ̀ ni bàbá mi kọ́ ní Mọ́kọ́lá kó tó wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bi mí pé, "Ṣé wọ́n ti ṣe fúrídọ́ọ̀mù fún ẹ?"

Mo ní, "Bàbá mi, kì í ṣe iṣẹ́ télọ̀ lèyí."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó bá fẹ́ lọ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, àwọn òbí rẹ̀ ló máa ń lọ bá ọ̀gá. Wọ́n á bẹ̀ ẹ́, wọ́n á san ohun tó bá ní kí wọ́n san, ọ̀gá á sì gbàdúrà fún un. Ẹni tó bá sá lọ lóru, kò sí ẹni tó máa bi í bóyá ó mọ aṣọ rán. Wọ́n á kàn ní ó sá ni. O ò tiẹ̀ jẹ́ kí èmi bá ẹ lọ bẹ̀ wọ́n."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo sọ fún un pé ayé ti yí padà. Ohun tó dùn mí jù títí dòní ni pé mo ṣe bí ọlọgbọ́n níwájú bàbá mi lọ́jọ́ tó jẹ́ pé òun ló mọ ohun tó ń sọ.

Ọ̀sẹ̀ tí ẹgbẹ́ Union gbé àwòrán mi jáde ni lẹ́tà lọ́yà dé. Ẹ̀pa ò bóró mọ́ kí n tó lọ wá lọ́yà tèmi, torí pé aṣojú mi ló ti ń bá mi wo ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́yà náà sọ ìdajì òótọ́ tó ṣẹ́ kù fún mi. Ó sọ ìtàn obìnrin akọrin ará Jámánì kan, Johanna Wagner, tó bá Benjamin Lumley ṣe àdéhùn láti kọrin fún oṣù mẹ́ta ní gbọ̀ngàn eré rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, tó sì ṣèlérí pé òun ò ní kọrin níbòmíràn lásìkò náà. Frederick Gye ti Covent Garden fi owó tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fà á mọ́ra. Lọ́dún 1852, ilé ẹjọ́ ní òun ò lè pa á láṣẹ pé kó kọrin fún Lumley, ṣùgbọ́n òun lè pa á láṣẹ pé kò gbọdọ̀ kọrin fún Gye. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nínú ẹjọ́ tí Lumley pe Gye, àwọn adájọ́ tún fi ìlànà kan múlẹ̀: ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ tan ẹlòmíràn kó da àdéhùn lè san owó gbà-máà-bínú fún ẹni tí wọ́n da àdéhùn rẹ̀.

Lọ́yà náà ní, "Wọn ò ní fipá mú ẹ gbá bọ́ọ̀lù fún wọn. Wọ́n kàn máa ní kí ilé ẹjọ́ má jẹ́ kí o gbá a fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tó gbà ẹ́ náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa àpò tiwọn." Ó bi mí bóyá ohun tí mo kọ sínú lẹ́tà jẹ́ òótọ́. Nígbà tí mo dákẹ́, ó kọ nǹkan kan sínú ìwé rẹ̀, kò sì bi mí mọ́.

Bó ti wí ló rí. Ẹgbẹ́ Union tó ń pè mí lárọ̀ lálẹ́ kò pè mí mọ́. Lọ́yà wọn ló ń bá lọ́yà mi sọ̀rọ̀. Mo ń sáré nìkan nínú ọgbà ìtura nígbà tí sáà àwọn méjèèjì ń lọ. Nígbà tí wọ́n parí ọ̀rọ̀ náà láìdé iwájú adájọ́, owó wọlé fún ẹgbẹ́ tí mo sá kúrò níbẹ̀. Ẹgbẹ́ tuntun san apá kan, wọ́n sì ń yọ ọ́ padà lára owó mi. Ọdún púpọ̀ tí wọ́n ti ṣèlérí tẹ́lẹ̀ di ọdún kan ṣoṣo. Apá tó kù àti owó lọ́yà já lé mi lọ́rùn. Owó tí bàbá mi ti kó jọ fún òrùlé ilé tó ń kọ́ sí Ìbàdàn wà lára ohun tí a fi san án. N ò tọrọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá. Kò bá mi wí. Ìyá mi ló bá mi wí, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún un, torí pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bàbá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

N ò sì mọ Union gbá. Eré sísá nìkan kọ́ ni. Wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù sókè fíofío, ìwọ tó wà ní wíńgì ni wàá dúró lábẹ́ rẹ̀, àwọn ọkùnrin gìrìpá mẹ́ta á máa sáré bọ̀ wá bá ẹ. Bí mo bá bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù, ara mi á fẹ́ dìde gẹ́gẹ́ bíi ti League, kí n fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́yìn. Nínú Union, wọ́n á ti já a gbà kí n tó mí. Ọ̀gá tó gbà mí kò ní sùúrù, n ò sì dá a lẹ́bi. Ẹni tó ti náwó lórí ẹjọ́ kí o tó wọ pápá ń retí pé kí o ṣe iṣẹ́ ìyanu lọ́jọ́ tí o bá wọ̀ ọ́. Nígbà tí ọdún kan pé, wọ́n ní ó dàbọ̀.

Mo ní kí n padà sí League. Fóònù tí kì í sinmi tẹ́lẹ̀ wá dákẹ́. Ọ̀gá kan tó láàánú mi sọ òótọ́ fún mi. Ó ní òun mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi ṣì yá, ṣùgbọ́n bí òun bá ń ṣètò sáà tó ń bọ̀, òun fẹ́ kọ orúkọ ẹni tó máa wà níbẹ̀. Mo parí eré mi nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lópin ọ̀sẹ̀, tí gbogbo wa ń lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Bó bá jẹ́ pé ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà parí sí, ìyà tí mo fọwọ́ ara mi fà ni, n bá sì gbé e mì. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn wà nínú rẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan tí lọ́yà kọ.

Nínú Super League, ìyẹn ìdíje League tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin wà tó fi ìwọ̀n sí iye owó tí ẹgbẹ́ lè ná lórí agbábọ́ọ̀lù. Orúkọ kọ̀ọ̀kan tó bá wọ ìwé ti jẹ nínú ìwọ̀n náà. Ní ọdún tí mo fọwọ́ sí ìwé ọdún mẹ́ta yẹn, wíńgì mìíràn wà nínú ẹgbẹ́ wa, ọmọ àdúgbò ibẹ̀ gan-an, tí ìwé tirẹ̀ ń parí lọ. Ó dàgbà jù mí lọ díẹ̀. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dúró de bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Owó tó kù kò lè gba àwa méjèèjì, ẹgbẹ́ sì yàn mí. Wọ́n jẹ́ kó lọ. Ó lọ sí ẹgbẹ́ kan ní ìpele ìsàlẹ̀, ó ń fi iṣẹ́ bíríkìlà kún un, ìyàwó rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ìgbà tí mo sá lọ, sáà ti bẹ̀rẹ̀, ó ti fọwọ́ sí ìwé níbòmíràn, kò sí bí wọ́n ṣe lè pè é padà. Wọ́n ti ọmọ kékeré kan tí kò tíì tó àkókò sí àyè mi, àwọn èrò ìwòran sì ń pariwo lé e lórí ní gbogbo ọ̀sẹ̀.

Ìgbà tí mo gbọ́ èyí ni mo tó mọ ohun tí ìwé àdéhùn jẹ́. Mo ti rò pé èmi àti ẹgbẹ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kàn: mo máa gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n máa sanwó, bí mo bá lọ, wọ́n fi owó wọn ra ẹlòmíràn, ó tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo fọwọ́ sí ìwé, àwọn èèyàn tún ayé wọn tò lórí ọwọ́ tí mo fi sí i. Ọkùnrin kan pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ torí pé mo ní mo máa wà níbẹ̀. Mo gba àyè yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi í sílẹ̀ lófìfo.

Mo kọ lẹ́tà sí i lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì lóòótọ́. Kò sí irọ́ nínú lẹ́tà yẹn. Ó fèsì pé òun ò bínú sí mi mọ́. Kò fi nǹkan mìíràn kún un, mo sì mọ̀ pé n ò ní ẹ̀tọ́ sí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

N ò ní tan ẹnikẹ́ni pé ẹni tó bá da àdéhùn kì í rí ṣe. Lóṣù Kejìlá ọdún 2016, Denny Solomona fi Castleford sílẹ̀ lọ sí Sale Sharks nínú Union nígbà tí ọdún méjì ṣì kù lórí ìwé rẹ̀. Òun náà ní òun ti fẹ̀yìn tì nínú League. Try 40 ló gbà nínú Super League lọ́dún yẹn, kò sì sí ẹni tó ṣe tó bẹ́ẹ̀ rí. Castleford pe ẹjọ́, wọ́n sì gba owó kí wọ́n tó parí rẹ̀. Síbẹ̀, lóṣù Kẹfà ọdún 2017, England pè é, ó sì gba try tó fún wọn ní ìṣẹ́gun lórí Argentina lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ aṣọ wọn. Castleford náà kò kú: wíńgì wọn, Greg Eden, gba try 38 lọ́dún 2017, ẹgbẹ́ náà sì parí sáà déédéé ní ipò kìíní fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn wọn. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ mọ gbogbo èyí dáadáa. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló wá fara pa?"

Ìdáhùn mi ni pé ẹni tó fara pa kì í sábà wà nínú ìròyìn. Bí èmi náà bá ti di gbajúmọ̀ ní Union, bíríkìlà yẹn kò ní rí àyè rẹ̀ gbà padà. Bí mo bá gba Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, irọ́ ni lẹ́tà mi yóò ṣì jẹ́. Bí ọ̀nà bá gbe ẹni tó jalè, kò sọ ohun tó jí di tirẹ̀.

Àwọn kan tún máa ń sọ fún mi pé ẹgbẹ́ náà kì í ro tiwa. Òótọ́ wà níbẹ̀. Iṣẹ́ wa kúrú, eékún kan lè parí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹgbẹ́ sì máa ń lé èèyàn. Mo sì mọ̀ pé nítorí owó iṣẹ́ tí wọ́n ń fi du òtòṣì ni League fi wà láyé. Agbábọ́ọ̀lù ní ẹ̀tọ́ láti wá owó tó dára jù. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ lé mi kí ọjọ́ mi tó pé, ó ní láti bá mi jókòó, kó san ohun tó wà nínú ìwé tàbí ohun tí a bá jọ fẹnu kò sí. Ohun tí mò ń béèrè lọ́wọ́ wọn nìyẹn. Ohun náà gan-an ni mo kọ̀ láti ṣe fún wọn.

Ọ̀nà wà láti kọjá láìsá. Joseph-Aukuso Suaalii bá àjọ Union Ọsirélíà ṣe àdéhùn lọ́dún 2023 nígbà tó ṣì wà pẹ̀lú Sydney Roosters nínú League. Gbogbo ayé gbọ́. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Roosters títí ìwé rẹ̀ fi parí ní ìparí sáà 2024. Lóṣù Kọkànlá ọdún kan náà, ó wọ aṣọ Ọsirélíà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Twickenham, wọ́n sì na England 42 sí 37. Kò fi àyè ẹnikẹ́ni ṣòfò. Kì í sì í ṣe ìwé tó ń lọ lọ́wọ́ nìkan ló yẹ ká máa bọ̀wọ̀ fún, ìlérí ọjọ́ iwájú náà wà níbẹ̀. Iestyn Harris lọ láti Leeds nínú League sí Cardiff nínú Union lọ́dún 2001 lẹ́yìn tó ti bá Leeds ṣe àdéhùn pé àwọn ló ni ẹ̀tọ́ àkọ́kọ́ sí òun bí òun bá ń padà sí League. Nígbà tó padà lọ́dún 2004, Bradford ló lọ. Leeds pe ẹjọ́, ilé ẹjọ́ gíga sì dá wọn láre lọ́dún 2005. Ọdún díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tèmi tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá ti béèrè lọ́wọ́ lọ́yà kan ṣoṣo, ó máa sọ ọ́ fún mi.

Mo tún ń rò ó nítorí àwọn ọmọ tó wà nílé. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2019, Nàìjíríà gba ife rọ́gbì League ti Áfíríkà àti Àárín Gbùngbùn Ìlà Oòrùn ní Èkó, wọ́n na Morocco nínú àṣekágbá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tó wo eré yẹn ló ń lá àlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tí ẹgbẹ́ bá mú wá láti Èkó, ẹgbẹ́ yẹn ló máa ń ṣe onígbọ̀wọ́ físà rẹ̀. Bí ó bá da àdéhùn, ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti gbé nílùú lè bá a lọ. Bàbá mi wà nítòsí láti gbé owó òrùlé wá fún mi. Ta ló máa gbé e wá fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀?

Nítorí náà, ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ gbọ́ mi. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ wá lọ́yà tí kì í ṣe aṣojú yín ló mú un wá, kí ẹ ní kó ka ìlà kọ̀ọ̀kan síta fún yín. Bí ẹ bá rò pé Union lè pè yín lọ́la, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ iye tí ẹni tó bá fẹ́ mú yín lọ máa san. Bí ipè bá dé nígbà tí ọjọ́ ìwé kò tíì pé, ẹ lọ bá ọ̀gá yín lójúkojú, kí ẹ mú bàbá tàbí ìyá yín dání bó bá ṣeé ṣe, kí ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ méjèèjì sọ̀rọ̀ owó. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ gbá bọ́ọ̀lù náà tán. Ẹ má ṣe kọ lẹ́tà irọ́ láé. Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kí aṣojú sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá òye yín. Ẹ mọ ohun tí ìlérí jẹ́, ìyẹn sì tó.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó lọ. Kó san ohun tó jẹ, kó dágbére fún àwọn tó fi sílẹ̀, kó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde lójú gbogbo èèyàn.